Ẹlẹ́rìí ni Dókítà, Kì í Ṣe Adájọ́

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni." Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn bí mo ti ń ro ọ̀ràn kan tí ó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ jọ gbé yẹ̀ wò. Nígbà tí ìjọba bá ń ṣe àyẹ̀wò bóyá ẹni tí ó ní àrùn ọpọlọ ṣì yẹ ní ẹni tí a ń fún ní owó ìrànwọ́, ipò wo ni ó tọ́ kí dókítà wà? Ṣé adájọ́ ni, àbí agbẹjọ́rò, àbí ẹlẹ́rìí?

Ilẹ̀ Brítéènì ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé wọ́n ti gbé ọ̀ràn yìí dé ilé ẹjọ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì ń gbé ibẹ̀, àwọn kan ní dókítà, àwọn mìíràn ní aláìsàn. Ní ọdún 2008, ìjọba ibẹ̀ dá àyẹ̀wò titun kan sílẹ̀ fún àwọn tí àìlera kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́. Aláìsàn yóò kọ̀wé kún fọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kan tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí ilé iṣẹ́ aládàáni gbà sí iṣẹ́, yóò bi í ní ìbéèrè, yóò sì dábàá máàkì fún un. Bí máàkì náà bá pé 15, a ó gbà pé kò lè ṣiṣẹ́. Bí kò bá pé, ó lè pàdánù owó náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó ń ṣe ìpinnu ìkẹyìn. Dókítà tí ó ti ń tọ́jú ẹni náà láti ọjọ́ pípẹ́ ńkọ́? Kò di dandan kí a bi í léèrè ohunkóhun. Bí aláìsàn bá fẹ́ ẹ̀rí rẹ̀, kí ó lọ wá a fúnra rẹ̀.

Ibí yìí ni ìṣòro wà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, gbogbo ayé ni ó rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìsoríkọ́ dè mọ́lẹ̀ lè wẹ̀, kí ó wọ aṣọ mímọ́, kí ó fi ẹ̀rín kí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì padà sílé, kí ó má lè dìde lórí ibùsùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Òmíràn wà tí ìtìjú kò ní jẹ́ kí ó sọ òtítọ́. Òmíràn sì wà tí àìsàn náà ń tàn jẹ pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Bí a bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa wá ẹ̀rí kiri, ó dà bí ẹni pé a ní kí arọ sáré wá gba ọ̀pá tí yóò fi máa rìn.

Àwọn méjì tí ó ní irú àìlera yìí pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ní ọdún 2013, àwọn adájọ́ sọ pé àyẹ̀wò náà ni àwọn tí ó ní àrùn ọpọlọ lára gidigidi ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ìjọba kò gbà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ìjọba lẹ́bi.

Àwọn kan yóò wí pé owó gbogbo ìlú ni owó yìí, àti pé dókítà tí ó fẹ́ràn aláìsàn rẹ̀ yóò gbè é. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán. Bí ó bá jẹ́ pé dókítà ni yóò sọ ẹni tí yóò jẹ àti ẹni tí kò ní jẹ, aláìsàn yóò máa wá sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ó wá sí kóòtù, kò sì ní tú inú rẹ̀ fún un mọ́. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí mo fi wí pé kí ó má ṣe dájọ́. Kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: ìgbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, oògùn tí a ti lò, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni náà gbìyànjú láti ṣiṣẹ́. Òfin ilẹ̀ náà pàápàá fi àyè sílẹ̀ pé, bí máàkì kò tilẹ̀ pé, a lè gbà fún ẹni tí ìpinnu náà lè kó sínú ewu ńlá. Ta ni ó lè mọ irú ewu bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí ó mọ aláìsàn náà?

Ewu yìí kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 2015, Ben Barr àti àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò ọdún 2010 sí 2013 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n rí i pé níbi tí àyẹ̀wò náà ti pọ̀ jù, níbẹ̀ ni iye àwọn tí ó fọwọ́ ara wọn pa ara wọn ti pọ̀ sí i jù. Wọ́n ṣírò rẹ̀ sí 590 lápapọ̀. Àwọn tìkára wọn kò sọ pé àyẹ̀wò ni ó pa ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ó tó ohun tí ó yẹ kí ó mú wa dúró kí a ronú.

Dókítà pẹ̀lú ní ẹ̀bi tirẹ̀ bí ó bá sọ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún òun láti kọ ìwé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Bí ara aláìsàn bá sì ti yá, òtítọ́ kan náà ni kí ó sọ. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú rẹ̀ kí ó tó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìjọba.

Lójú tèmi, ojúṣe mẹ́ta ni ó wà níhìn-ín: kí ìjọba bi dókítà léèrè kí ó tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí dókítà jẹ́rìí òtítọ́, kí adájọ́ sì dájọ́. Bí ẹni tí ó mọ ọ̀ràn bá dákẹ́, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sì ń dájọ́, ẹni tí kò lè gbèjà ara rẹ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀.