Ṣé Èpè Ló Fọ́ Ọ̀yọ́?

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìparun Ọ̀yọ́ Ilé, tí Dàhọ̀mì pàápàá ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún, ọfà mẹ́ta tí Aláàfin Aólẹ̀ ta àti àwo tí ó fọ́ ni a máa ń dá lẹ́bi. Lójú tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ náà ti wà ṣáájú èpè.

Johnson ròyìn pé nígbà tí Aólẹ̀ ń ṣòwò, ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rú ní Àpòmù. Baálẹ̀ ibẹ̀ sì fìyà jẹ ẹ́, nítorí Ọ̀yọ́ ti pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ ta ọmọ Ọ̀yọ́ lọ́jà náà. Àṣẹ rere ni. Ṣùgbọ́n Abíọ́dún, tí a ń yin ìgbà rẹ̀ (1774 sí 1789) pé ó tura, ń kó ọmọ ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì, tí kò jìnnà sí Ọ̀jọ́ wa yìí. Àṣẹ tí ó dá ọmọ onílé sí, tí ó ń ta ọmọ àjèjì, ṣé òfin ni, tàbí ètò ọjà?

Ní nǹkan bí 1817, Àfọ̀njá ké sí àwọn ẹrú Haúsá láti Ìlọrin. Wọ́n fi olówó wọn sílẹ̀, wọ́n di ọmọ ogun rẹ̀. Nígbà tí apá rẹ̀ kò ká wọn mọ́, wọ́n dojú kọ òun náà. Wọ́n ní ọfà pọ̀ lára òkú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ṣubú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ta á, ẹrú Ọ̀yọ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀.