Ọmọ Tí Ó Fẹ́ràn Dùrù

Ibi kíkà: 1 Sámúẹ́lì 16:14-23

Johann Sebastian Bach ará Jámánì kò tí ì pé ọmọ ọdún 10 nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, atẹdùrù ìlú Ohrdruf, ni ó tọ́ ọ nígbà tí ó wà nílé-ìwé. A gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n yìí ti ìwé orin kan mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Òru ni ọmọ náà ń yọ ọ́ jáde, ó sì fi oṣù 6 dà á kọ nínú ìmọ́lẹ̀ òṣùpá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀, ó gba èyí tí ó kọ lọ́wọ́ rẹ̀.

A kò yin ohun ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Jésè. Dáfídì ni ó ń ṣọ́ àgùntàn rẹ̀; síbẹ̀ nígbà tí Sọ́ọ̀lù ránṣẹ́ pè é nítorí dùrù, baba rẹ̀ jẹ́ kí ó lọ, kò sì rán an lọ lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀rù ń bà wá pé orin yóò gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ wa. Òtítọ́ ni, ọmọ gbọ́dọ̀ kàwé. Ṣùgbọ́n ní 1700, ohùn orin Bach ni ó jẹ́ kí ó rí ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní Lüneburg. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ ọ́ ní èdè Látìnì sí ìparí púpọ̀ nínú orin ìsìn rẹ̀ pé ti Ọlọ́run nìkan ni ògo. Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fi sínú ọmọ kì í ṣe ohun tí a ń tì mọ́lé.

Ìbéèrè: Kí ni ìwọ yóò dì fún ọmọ tìrẹ, bí Jésè?