Ti Ọlọ́run Ni Òru Pẹ̀lú



Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, mo kéde lẹ́yìn Màásì pé nígbà tí ẹgbẹ́ tí ó ṣe ìkẹyìn bá ti parí ìpàdé rẹ̀ ní alẹ́, kí a máa pa gbogbo iná tí ó yí ọgbà ìjọ wa ká, àfi ẹyọ kan tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. N kò tí ì bọ́ aṣọ Màásì tán tí ẹjọ́ fi dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, "Ẹ má bínú, Fàdá. Àwa ni a ń dá owó iná. Ohun tí a ti sanwó rẹ̀, ta ni yóò tún bi wá léèrè rẹ̀?" Ìyá àgbà kan tí ó dúró tì í kò bá ti owó lọ. Ó ní, "Fàdá, ẹni tí kò bá gbé inú òkùnkùn rí ni ó lè máa yìn ín."

Ọ̀rọ̀ ìyá ni ó wúwo jù lọ́kàn mi, nítorí pé òtítọ́ ni. Ọmọ tí ń fi iná àtùpà kàwé títí ojú fi ń ro ó, agbẹ̀bí tí ń fi tọ́ọ̀ṣì gbẹ̀bí, aránṣọ tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró nítorí pé kò sí iná: kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún irú wọn pé òkùnkùn dára. Òkùnkùn tí a fi tipátipá gbé lé ènìyàn lórí, ìyà ni. Kì í ṣe ìwà mímọ́. Bí iná bá dé tí àwọn ọmọdé sì hó yèè ládùúgbò, inú èmi náà a máa dùn. Ṣùgbọ́n nítorí pé iná ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa gan-an ni mo ṣe ń béèrè: iná tí ń tàn ní àgbàlá tí ẹnikẹ́ni kò sí, láti alẹ́ títí di òwúrọ̀, ta ni ó ń tàn fún?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Gílóòbù 100 wáàtì kan tí a tàn láti agogo 7 alẹ́ títí di agogo 6 òwúrọ̀ a máa jẹ yúnìtì kan àti díẹ̀. Ní 30 ọjọ́, ó di yúnìtì 33. Bí ó bá jẹ́ gílóòbù mẹ́wàá, 330 ni. A tún ní àṣà kan tí gbogbo wa mọ̀: a kì í pa súìṣì nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, kí a baà lè mọ ìgbà tí yóò dé. Iná a dé nígbà tí a ti lọ sí ọjà, gílóòbù a sì máa bá oòrùn ọ̀sán díje. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa yóò ní owó òun ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n gáàsì ni a fi ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná Nàìjíríà, owó kò sì lè dá gáàsì tí a ti sun padà sínú ilẹ̀. Tómásì Mímọ́ ti Àkúínò kọ́ wa pé ènìyàn lè ní ohun ìní ti ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti lílò rẹ̀, kí ó kà á sí ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kí ó sì múra tán láti fi ran aláìní lọ́wọ́. Póòpù Francis olóògbé pàápàá, nínú ìwé Laudato Si' tí ó kọ ní ọdún 2015, ka pípa iná tí a kò lò mọ́ àwọn iṣẹ́ kékeré ojoojúmọ́ tí a fi ń tọ́jú ayé.

Síbẹ̀, owó àti gáàsì kọ́ ni ó ká mi lára jù. Iná tí kò ní ìbòrí a máa tàn sókè. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a bá eruku àti ìkùukùu nínú afẹ́fẹ́, a sì bo ìràwọ̀ mọ́ ẹni tí ó sanwó àti ẹni tí kò san lójú. Níbí ni ọ̀rọ̀ "owó mi ni" dópin sí, nítorí kò sí ẹni tí ó ra ojú ọ̀run.

Ìjọ wa fúnra rẹ̀ ti sá fún iná rí. Ní ọdún 1891, Póòpù Leo Kẹtàlá tún ilé tí a ti ń wo ìràwọ̀ ní Fatikani dá sílẹ̀, lórí òkè tí ó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́. (Kì í ṣe irú awòràwọ̀ tí ń sọ ti ọ̀la fún ni o, àwọn àlùfáà onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni.) Nígbà tí ó yá, iná ìlú Róòmù pọ̀ débi pé wọn kò rí ìràwọ̀ dáradára mọ́. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà ayé Póòpù Pius Kọkànlá, wọ́n kó iṣẹ́ wọn lọ sí Castel Gandolfo, ìlú kékeré kan tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 25 sí Róòmù. Iná lé wọn débẹ̀. Ní ọdún 1981 wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní Arizona, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣí awò tuntun níbẹ̀ ní ọdún 1993, lórí òkè Graham tí ó ga ju 3,000 mítà lọ. Ẹ wo bí wọ́n ti rìn jìnnà tó, kí wọ́n tó lè rí ohun tí Ábúráhámù rí nígbà tí Ọlọ́run mú un jáde síta, tí ó ní kí ó ka ìràwọ̀ bí ó bá lè kà á. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ tí ó wọn ìmọ́lẹ̀ òru káàkiri ayé sọ pé nínú ènìyàn mẹ́ta, ẹnì kan kò lè rí ọ̀nà funfun tí àìmọye ìràwọ̀ là sójú ọ̀run láti ibi tí ó ń gbé.

Ní tiwa, bí wọ́n bá mú iná lọ ní alẹ́ tí ojú ọjọ́ mọ́, ìràwọ̀ a kún òkè láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn. Okùn jẹnẹrétọ̀ ni a ń sáré lọ fà. A kì í gbé ojú sókè.

Ẹ rántí Ìṣọ́ Òru Àjíǹde. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, òwúrọ̀ Sátidé ni Ìjọ máa ń ṣe é. Oòrùn a ti ràn wọ inú ilé Ọlọ́run, àlùfáà a máa tan iná tuntun, díákónì a sì máa kọrin ìyìn òru mímọ́ náà ní ojúmọmọ. Ní ọdún 1951 ni Póòpù Pius Kejìlá yọ̀ǹda pé kí a dá a padà sí òru, ó sì di òfin ní ọdún 1956. Àbẹ́là kan kò lè sọ ohun tí ó fẹ́ sọ bí òkùnkùn kò bá kọ́kọ́ dákẹ́ fún un. Gbogbo yín ni ẹ mọ bí ó ti máa ń rí: iná gbogbo a kú, ìkọ́ a dá lẹ́nu àwọn àgbà, àwọn ọmọ kéékèèké a di aṣọ ìyá wọn mú, ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo a sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé. (Kí ẹni tí ó tan tẹlifóònù rẹ̀ ní àkókò náà jọ̀wọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.)

Ní ti olè, ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù ọmọdé, èmi pẹ̀lú ń bẹ̀rù rẹ̀. Nítorí náà ni ti ẹnu ọ̀nà yóò fi máa tàn. Gílóòbù LED 9 wáàtì ni a ó fi sí i, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ti gílóòbù 60 wáàtì àtijọ́. A ó sì fi ìbòrí sí i kí ó kọjú sí ilẹ̀, nítorí iná tí ó bá ń tàn sí ọlọ́dẹ lójú kò ní jẹ́ kí ó rí ẹni tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀, lẹ́yìn Ìbùkún Sàkárámẹ́ńtì Mímọ́, bí òjò kò bá rọ̀, a ó pa iná ọgbà ní agogo 8. Kí àwọn ọmọ katikísìmù mú ẹní wá. Mo ti bẹ ìyá àgbà wa pé kí ó wá jókòó tì wọ́n, kí ó sì máa sọ orúkọ àwọn ìràwọ̀ tí ó mọ̀ fún wọn. Ó ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n kí Fàdá má ṣe fọwọ́ kan ti ẹnu ọ̀nà.