Ohun Ìṣeré Tí Ọmọdé Kò Fi Ṣeré

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ẹ lè kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ìṣeré ni. Àgbàlagbà bí èmi, ẹni ọgọ́ta ọdún, ni mo fi ohùn líle mọ́ ọmọ ọmọ mi nítorí bọ́ọ̀sì kékeré kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

Nígbà tí bàbá mi ti London dé ní 1970, bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì ni wọ́n mú bọ̀ fún mi. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ Lesney sí, pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é. Mo fi ṣeré títí ọ̀dà ara rẹ̀ fi bó. Nígbà tí mo dàgbà, mo dì í sínú aṣọ, mo tì í mọ́ inú àpótí. Bàbá mi ti jáde láyé ní 1998, kò sì sí ohun mìíràn lọ́wọ́ mi mọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé fún mi. Ní ìsinmi iléèwé tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, rí i níbi tí mo ti ń palẹ̀ àpótí náà mọ́. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, ó ti ń tì í lórí símẹ́ǹtì. Mo kígbe mọ́ ọn. Kò sunkún. Ó rọra gbé e sílẹ̀, ó ní: "Bàbá àgbà, ta ni ẹ ń tọ́jú rẹ̀ fún?"

Èmi kò rí èsì fún un. Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà.

Kì í ṣe èmi nìkan ni irú èyí ń ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà àti ní Japan, àwọn àgbà pọ̀ tí wọ́n ń wá mọ́tò irin kéékèèké àti rọ́kẹ́ẹ̀tì ìgbà èwe wọn kiri, ní ọjà àlòkù àti níbi gbàǹjo. Ohun tí wọ́n ń wá náà ní ìtàn. Irin sínkì ni wọ́n máa ń yọ́, tí wọ́n á fi agbára ẹ̀rọ tì í sínú ihò irin mìíràn tó ti ní àwòrán mọ́tò nínú. Iléeṣẹ́ Meccano ní Liverpool ló fi orúkọ Dinky Toys sórí tirẹ̀ ní 1934. Ní ti Lesney, London ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1947. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì ni, Leslie Smith àti Rodney Smith, tí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá rárá bí orúkọ wọn tilẹ̀ papọ̀. Jack Odell sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Odell yìí ní ọmọ obìnrin kan. Iléèwé ọmọ náà kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ohun ìṣeré wá àfi èyí tó bá lè wọ inú páálí ìṣáná. Ni bàbá bá ṣe katakata tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà, ní kékeré bẹ́ẹ̀, fún ọmọ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Matchbox ti wá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1953. Ẹ kíyè sí i pé kí ọmọ lè máa gbé e kiri ni wọ́n ṣe ṣe é ní kékeré.

Ti òfuurufú ńkọ́? Lẹ́yìn ogun tó parí ní 1945, agolo oúnjẹ tí àwọn sójà Amẹ́ríkà jù nù ni àwọn ará Japan ń tẹ́, tí wọ́n ń gé, tí wọ́n fi ń ṣe ohun ìṣeré. Àwa tí a fi agolo sadíìnì ṣe mọ́tò, tí ìdérí ìgò jẹ́ táyà rẹ̀, kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ ìyẹn fún wa. Nígbà tó yá, wọ́n ń ṣe róbọ́ọ̀tì àti rọ́kẹ́ẹ̀tì oníbátìrì tó ń rìn, tó ń tan iná lójú, wọ́n sì ń kó wọn lọ tà ní Amẹ́ríkà. Ọmọdé ti fi wọ́n dé inú òṣùpá lórí ẹní tipẹ́tipẹ́ kí ọmọ ènìyàn tó fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ ní 1969.

Wàyí o, kí ni ó ń mú kí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí wọ́n ju èkejì lọ lónìí? Páálí ni. Ẹ mú mọ́tò méjì tó jọra, tí wọ́n jọ ti iléeṣẹ́ kan náà jáde ní ọdún kan náà. Ọ̀kan ti ha lára, kò ní páálí mọ́. Èkejì kò jáde nínú páálí rí. Èkejì yìí lè ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Ní 1965, Corgi gbé mọ́tò Aston Martin jáde tí òrùlé rẹ̀ máa ń ṣí, tí àga á sì ju ọkùnrin kékeré kan jáde. Inú koríko àti abẹ́ ibùsùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ sọ ọkùnrin yẹn nù sí. Olùrà òde òní, ìbéèrè tó kọ́kọ́ ń bi ni bóyá ọkùnrin náà ṣì wà. Èyí ni pé eré tí ọmọ kò ṣe gan-an ló ń san owó lé lórí! Ní ìparí ọdún 1977, iléeṣẹ́ Kenner ní Amẹ́ríkà kò tíì rí àwọn bèbí Star Wars ṣe parí, wọ́n sì ta páálí lásán tó ní ìwé ẹ̀rí nínú, pé ohun ìṣeré ń bọ̀ ní 1978. Àwọn ènìyàn ṣì ń wá páálí yẹn rà títí di òní. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, kí n tó rántí àpótí tèmi.

Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni pè é ní èèwọ̀. Ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo, Áíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), ní bèbí nínú ilé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ẹṣin kan wà láàárín wọn tí wọ́n fi àkísà ṣe ìyẹ́ méjì fún. Òjíṣẹ́ béèrè pé ẹṣin ha ń ní ìyẹ́ bí? Ó ní wọn kò ha gbọ́ pé ẹṣin Ànábì Súlémánù ní ìyẹ́? Inú ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Ìyẹ́ alákìísà ni o, èyí tí ọwọ́ ti kàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí a tàbùkù àwọn tó ń tọ́jú. Meccano ti ilẹ̀kùn iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Liverpool ní 1979, Lesney wó lulẹ̀ ní 1982. Bí kò bá sí àwọn àgbà tí à ń fi rẹ́rìn-ín, níbo ni a ó ti rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn? Ẹni tó tọ́jú kí ó lè fi han ẹlòmíràn, mo kí i. Ẹni tó rà á kí ó lè tà á lérè, òwò ló ń ṣe, kó ṣáà má fi páálí ayédèrú tan ẹni tó fẹ́ rà á. Èmi tí mo tì í pa ni ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo ibi tí bọ́ọ̀sì mi ti ha ni mo mọ ọjọ́ tí ó ha. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé orí àtẹ̀gùn ilé wa ni ó ti já bọ́, tí bàbá mi gbé e, tí wọ́n fẹ́ eruku ara rẹ̀ kúrò. Ká ní inú páálí ló wà láti 1970 ni, ọlọ́jà ì bá san owó gidi lé e, n kì bá sì ní ohun kan láti rántí nípa rẹ̀.

Títì í pa gan-an kò sì ní kó má bàjẹ́. Àwọn Dinky kan tí wọ́n ṣe ṣáájú ogun, òjé ti dà pọ̀ mọ́ sínkì wọn. Inú páálí tí wọ́n wà náà ni irin wọn ti ń wú, tí ó ń sán, tí ó ń rún bíi gúgúrú, bẹ́ẹ̀ ọmọdé kankan kò fọwọ́ kàn wọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo pe ọmọ náà, mo bẹ̀ ẹ́, mo gbé bọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́. Ẹ má rò pé ó rọrùn fún mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ìró rẹ̀ lórí símẹ́ǹtì ni àyà mi ń já. Ní ọjọ́ kẹta, ó mú un wá, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Táyà iwájú kan ti yọ. Mo lọ mú tọ́ọ̀ṣì wá, àwa méjèèjì sì dojú bolẹ̀, a ń wá a lábẹ́ àga.