Kí Ló Ń Jẹ́ Quad 405?

Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká áńpílífáyà tuntun gidi a máa wo ọjà àlòkù, ọgbọ́n sì ni. Áńpílífáyà Quad 405, tí Peter Walker àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé jáde ní Huntingdon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1975, ṣì ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn títí di òní, pẹ̀lú 100 wáàtì fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ohun tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà délé láìní àìsàn. Ọjọ́ orí àti ooru ti ń gbẹ omi inú àwọn kàpásítọ̀ ńláńlá tó ń tọ́jú iná fún un; sípíkà á wá máa kùn hùn-ùn nígbà tí orin kò tiẹ̀ sí. Olùtúnṣe á pààrọ̀ wọn, bóyá á tún pààrọ̀ tirasísítọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń ta bọ́ọ̀dù tuntun tó ń wọ inú àpótí náà rẹ́gí, débi pé irin ìta nìkan ló máa ṣẹ́ kù sí ti àtijọ́. Bí ọ̀ràn bá dé ibẹ̀, kí ni ẹni tó sanwó rà gan-an?

Ní tèmi, iye ohun tí wọ́n pààrọ̀ kọ́ ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀kú eégún ìdílé. Aṣọ tó bá gbó lára rẹ̀, wọ́n á fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọmọ ilé á tún máa rán aṣọ mọ́ ọn. Ó lè má ku ìrépé kan nínú èyí tí baba ńlá wọn rán, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ pé eégún mìíràn ló jáde. Ilé tó ni ín, oríkì rẹ̀ àti iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé e jáde fún kò yí padà.

Nínú 405, a lè fọwọ́ tọ́ka sí ohun tí kò gbọdọ̀ yí padà yẹn. Áńpílífáyà kékeré kan tó mọ́ kedere ló ń ṣọ́ àwọn tirasísítọ̀ ńlá tó ń gbé ẹrù, òun ló sì ń dí àṣìṣe wọn. Ohun mẹ́rin péré ló so wọ́n pọ̀: kọ́ìlì kan, kàpásítọ̀ kékeré kan àti rẹsísítọ̀ méjì. Bí ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá bára mu, àṣìṣe á pa ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ fi tuntun oníwọ̀n kan náà rọ́pò gbogbo wọn, kò sí ohun tó sọnù. Ẹ yí ìwọ̀n ọ̀kan ṣoṣo padà, kí gbogbo ìyókù jẹ́ ti 1975, ẹ ti ba èrò Walker jẹ́. Bí nǹkan ṣe bára mu yẹn gan-an ni mo ń pè ní 405.

Ẹnìkan lè bi mí ní ohun tí Thomas Hobbes, onímọ̀ ọgbọ́n orí, béèrè nípa ọkọ̀ ojú omi Theseus, tí wọ́n pààrọ̀ pákó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo rẹ̀ fi di tuntun: bí a bá ṣa gbogbo ògbólógbòó tí wọ́n yọ, tí a sì tò wọ́n sínú àpótí mìíràn ńkọ́? Mo gbà pé 405 nìyẹn náà yóò jẹ́, bí ó bá ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ń tún ṣe díẹ̀díẹ̀, ni 405 tí ẹ rà. Ẹlòmíràn á ní ohun èlò òde òní sàn ju ti ìgbà yẹn lọ, Walker fúnra rẹ̀ ìbá lò wọ́n. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí iléeṣẹ́ Walker fọwọ́ ara wọn tún ètò inú rẹ̀ ṣe, 405-2 ni wọ́n pè é. Wọn kò fi orúkọ àtijọ́ bo iṣẹ́ tuntun.

Nítorí náà, kàpásítọ̀ ni kí owó kékeré kọ́kọ́ bá. Kí ènìyàn máa fi owó náà lépa áńpílífáyà 200 wáàtì dípò 100, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré ni èrè rẹ̀, etí á mọ̀ ọ́n, àmọ́ díẹ̀ ni. Ẹni tó bá sì fi bọ́ọ̀dù tuntun sínú àpótí àtijọ́ kò dẹ́ṣẹ̀, ó lè dún dáadáa. Bó bá fẹ́ tà á, kó sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á kó tó gba owó, kó má sì díye lé e bí ẹni ń ta iṣẹ́ Walker.