Ǹjẹ́ Iye Owó Àná Lè Jẹ́rìí sí Ọ̀la?

Àwọn àgbà wa pa òwe méjì kan tó dà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wọ́n tún ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Òwe kìíní ní kí a wo àná kí a tó gbé ẹsẹ̀. Èkejì ní àná kò mọ ohun tí ọ̀la gbé pamọ́. Bóyá ni ibì kan wà tí ìjà òwe méjèèjì ti le tó ọjà ìpín ìdókòwò, èyí tí púpọ̀ wa ń pè ní ọjà ṣíà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: ṣé ó tọ́ kí ènìyàn fi iye tí wọ́n ti ń ta ìpín ilé-iṣẹ́ kan láti ọdún pípẹ́ ṣe ẹ̀rí, kí ó sì fi rọ ẹlòmíràn pé kó wá kó owó rẹ̀ síbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Ẹni tó ra ìpín ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà. Bí ilé-iṣẹ́ bá jèrè, ó lè pín fún un. Bí ó bá wó, owó rẹ̀ bá a wó. Lójoojúmọ́ tí ọjà bá ṣí, wọ́n máa ń kọ iye tí ìpín kọ̀ọ̀kan wà nígbà tí ọjà tú sílẹ̀. Bí a bá to àwọn iye wọ̀nyí tẹ̀ léra, ọdún lé ọdún, a ti ní ìtàn iye owó ìpín náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ni iye kan gan-an? Kì í ṣe agbára ilé-iṣẹ́ náà ni a gbé lé òṣùwọ̀n. Ohun tí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà fẹnu kò sí lọ́jọ́ náà ni. Ó lè jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ ló mú kí ẹnì kan tà. Ó lè jẹ́ àhesọ ló mú kí ẹnì kejì rà. Àkọsílẹ̀ kì í sọ èyí fún wa. Nọ́ńbà nìkan ló máa ń kù.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé kì í ṣe iye àná náà ni àwọn ìyá wa fi ń tajà? Òótọ́ ni. Ìyá tó ti ń ta tòmáàtì fún ogún ọdún mọ oṣù tí yóò wọ́n àti oṣù tí yóò pọ̀ lọ́jà, kò sì nílò ìwé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye lásán ló wà lórí rẹ̀. Òjò wà níbẹ̀, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà bọ̀ láti Òkè Ọya wà níbẹ̀, bí tòmáàtì ṣe máa ń tètè rà náà wà níbẹ̀. Ó mọ ìdí. Bí ìdí bá yí padà, yóò yí ìṣirò tirẹ̀ náà padà. Ẹni tó ń wo ìtàn iye ṣíà láìmọ iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe, gbèsè tó jẹ, àti irú àwọn tó ń darí rẹ̀, iye nìkan lòun mọ̀.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tó ju ìyẹn lọ. Òjò kì í gbọ́ ohun tí ìyá aláta ń rò. Ọjà ṣíà ń gbọ́. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá wo ìtàn iye kan, tí wọ́n rí i pé ó ń gòkè, tí wọ́n torí èyí rà, yóò tún gòkè sí i nítorí pé wọ́n rà. Ẹlẹ́rìí tí a pè wá sí ilé ẹjọ́ ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Nàìjíríà nìyẹn, kò sì tíì pẹ́ púpọ̀. Ọdún 1961 ni ọjà ìpín ìdókòwò bẹ̀rẹ̀ sí í ná ní Èkó. Láti ọdún 1984 ni wọ́n sì ti ń ṣírò òṣùwọ̀n kan tó ń fi hàn bí gbogbo ọjà ti ń lọ. 100 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní òpin ọdún 2002, òṣùwọ̀n yìí lé díẹ̀ ní 12,000. Ní òpin ọdún 2007, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 58,000. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, ó kọjá 66,000. Ẹ fojú inú wo ẹni tí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ọdún márùn-ún yẹn síwájú rẹ̀. Ta ni yóò sọ fún un pé kó má rà, tí yóò gbọ́?

Ìdí wà tó fi gòkè bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2004, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé owó ìpìlẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní bílíọ̀nù 25 náírà. Nígbà tí gbèdéke fi máa pé ní òpin ọdún 2005, báńkì 89 ti di 25. Láti rí owó náà, ọ̀pọ̀ báńkì ta ìpín fún aráàlú. Olùkọ́ rà, oníṣòwò rà, òṣìṣẹ́ ìjọba rà. Àwọn báńkì sì tún ń yá àwọn ènìyàn lówó láti fi ra ṣíà, títí kan ṣíà àwọn báńkì gan-an. Owó yíyá ra ìpín, ìpín gòkè, ìpín tó gòkè wá di ẹ̀rí pé ó dára láti tún yá owó sí i.

Lẹ́yìn náà ló já. Wàhálà owó tó bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà dá kún un, àwọn olówó òkèèrè sì kó owó wọn lọ. Ní òpin ọdún 2008, òṣùwọ̀n náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 31,000. Ní òpin ọdún 2009, ó wà ní nǹkan bí 20,800. Ẹni tó yá owó rà wá ń san gbèsè ohun tí kò sí mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú àwọn báńkì náà ni Afribank. Ní ọdún 2011 ó di Mainstreet, àwọn tó ní ìpín nínú rẹ̀ sì pàdánù gbogbo owó wọn.

Kò sí irọ́ nínú àkọsílẹ̀ ọdún 2002 sí 2007 yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ìṣirò tó di ti ìwà. A lè fi òótọ́ tan ènìyàn jẹ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ ní òpin ọdún 2002, tó sì parí rẹ̀ ní òpin ọdún 2007, fi hàn pé owó di ìlọ́po mẹ́rin ó lé. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2008, tó parí ní òpin ọdún 2009, fi hàn pé ó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tó ṣòfò. Ọjà kan náà ni, nọ́ńbà tòótọ́ ni méjèèjì. Ẹni tó yan ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ẹjọ́ tán kí òǹwòran tó la ojú.

Àwọn òkú náà kì í sí nínú àwòrán. Bí ẹ bá mú orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́jà lónìí, tí ẹ wo bí ìpín wọn ti ṣe láti ogún ọdún, àwọn tó yè nìkan lẹ máa rí. Irú Afribank kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ẹni tó fẹ́ mọ bí ogun ti rí tó jẹ́ àwọn tó bọ̀ wálé nìkan ló bi léèrè ni.

Kódà àkọsílẹ̀ tó mọ́ jù lọ lè ṣi ọmọ ilé-ìwé lọ́nà. Nígbà tí Apple ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ta ìpín fún aráàlú ní oṣù kejìlá ọdún 1980, dọ́là 22 ni wọ́n tà á. Bí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ lónìí, ẹ ó rí i pé iye náà ti di nǹkan bíi sẹ́ǹtì 10. Kò sí ẹni tó jí nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ilé-iṣẹ́ náà ti pín ìpín rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, tó fi jẹ́ pé ìpín kan ìgbà yẹn ti di 224. Àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wá tún iye àtijọ́ ṣe kó lè bá ti ìsinsìnyí mu. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹ̀dá kan tó san sẹ́ǹtì 10 lọ́jọ́ yẹn.

Ṣé kí a wá sọ àkọsílẹ̀ nù ni? Ọ̀pọ̀ tó fara gbá ní ọdún 2008 ló búra pé títí ayé àwọn kò ní fọwọ́ kan ṣíà mọ́. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà ló wà nínú ìbúra yẹn: wọ́n tún ti sọ àná di wòlíì. Ní ọdún 2023 òṣùwọ̀n ọjà padà kọjá ibi tó wà ní 2008. Kí àwọn tó ń yọ̀ má tíì jó, nítorí dọ́là kan kò tó 120 náírà nígbà àkọ́kọ́, ó sì ti lé ní 700 ní òpin 2023. Nọ́ńbà náà padà dé, ṣùgbọ́n ohun tó lè rà kò bá a dé.

Ní tèmi, ohun tí ìtàn iye owó wúlò fún jù ni láti bi ara ẹni léèrè ọ̀rọ̀. Kí ló fà á tó fi gòkè lọ́dún yìí? Nígbà tó já, báwo ló ṣe jìn tó, ọdún mélòó ló sì fi wà nísàlẹ̀? Ṣé mo lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bi ara rẹ̀ báyìí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé àkọsílẹ̀ kan náà wọ ìpàdé àwọn òbí, tó na ìka sí ibi tó ti ń gòkè, tí kò sì sọ ti ibi tó ti já, ó ń fi àná ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá tún ń gba owó iṣẹ́ lórí gbogbo ìpín tí wọ́n bá rà, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìdí tó fi jẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàbá tí yóò san owó ilé-ìwé ní oṣù kẹsàn-án kò ní ohun tí ìwé náà lè sọ fún un nípa oṣù kẹsàn-án. Kó tọ́jú owó yẹn síbi tí yóò ti rí i mú. Èyí tí kò ní nílò fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kó gbé síwájú, kó tó ṣí ìwé náà láti ojú ewé kìíní.