Èwo ni ti òǹtẹ̀, èwo ni ti ayé?

Ọ̀pọ̀ owó irin àtijọ́ tí wọ́n ń gbé wá bá mi, tí wọ́n ní ó ṣàrà ọ̀tọ̀ láti ilé tí wọ́n ti rọ ọ́, ọwọ́ ọmọ aráyé ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàbá kan mú ṣílè ọlọ́pẹ wá, irú èyí tí West African Currency Board kó wọ ilẹ̀ wa láti 1913. Ihò wà létí rẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe rọ ọ́ nìyẹn, pé irú rẹ̀ kò sí mọ́. Mo gbé awò lé e. Ihò náà la lẹ́tà kan sí méjì, etí rẹ̀ sì rí gbágungbàgun. Kọ́bọ̀, ẹ̀pìnnì àti oníní ni wọ́n máa ń dá ihò sí láàárín níbi tí wọ́n ti ń rọ wọ́n. Ṣílè kì í ní ihò. Ẹnìkan ló lu ú kí okùn lè gbà á kọjá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọrùn ọmọ ni wọ́n so ó mọ́.

Ohun tó bá ti ilé ìrọwó wá ní àmì tirẹ̀. Kọ́bọ̀ 1936 kan wà tó jẹ́ ti Jọ́ọ̀jì Karùn-ún, òmíràn wà tó jẹ́ ti Edward Kẹjọ, ọba tó kúrò lórí oyè lóṣù Kejìlá ọdún náà kí wọ́n tó dé e ládé. Lẹ́tà kékeré H lára owó, ilé ìrọwó Heaton ni. KN, King's Norton ni. Birmingham ni àwọn méjèèjì wà. Èyí tí kò ní lẹ́tà, London ni wọ́n ti rọ ọ́. Wọ́n tilẹ̀ ṣèèṣì fi òǹtẹ̀ East Africa tẹ ojú kan kọ́bọ̀ wa lọ́dún yẹn. Bí irin òǹtẹ̀ bá sì sán, irin owó á ya wọ ibi tó sán, ilà tó máa fi sílẹ̀ á yọ sókè. Ilà tó bá jìn wọnú, lọ́pọ̀ ìgbà, ayé ló fà á síbẹ̀. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ, torí orí ìka lásán ló tó láti ṣe é.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé a kì í yẹ ènìyàn wò bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí àìrówó san. Wọ́n ní ìwé kò sí nínú ìpín rẹ̀. Babaláwo á ní àkúnlẹ̀yàn ni, àfáà á ní kádàrá ni, pásítọ̀ á ní ìfẹ́ Ọlọ́run ni. Èmi náà gba àyànmọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó fi ọ̀rọ̀ orí lé wa lọ́wọ́ kò di gbogbo ẹrù rù ú. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé tó kọ lórí Olódùmarè ní 1962, ṣàlàyé pé ọmọ aráyé lè ba ìpín ẹni jẹ́, pé ìwà ẹni pàápàá lè bà á jẹ́.

Ẹ mú ti ọmọ tí wọ́n ń pè ní àbíkú, tí wọ́n ń so irin àti owó mọ́ lára. A ti mọ̀ lónìí pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tó ń pa irú wọn. Bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá náà jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn náà. Òǹtẹ̀ nìyẹn, ó ti wà lára ọmọ kó tó ké. Àmọ́ ibà tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú, ilà abẹ tí wọ́n fà sí i lára, orúkọ bíi Kòsọ́kọ́ tí wọ́n fi ń pè é títí tó fi dàgbà, ayé ló fi gbogbo ìyẹn kún un.

Láìpẹ́ yìí, àlejò kan sọ lójú mi fún ìyá ọmọ SS kan pé kó gba kámú, bí orí ọmọ ṣe yàn nìyẹn. Inú bí mi. Mo bi ìyá náà bóyá ọmọ ń lo oògùn ibà àti fólíkì rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ òun, àwọn kò rí i rà mọ́. Mo kọjú sí àlejò wa, mo ní ká kọ́kọ́ dá owó oògùn jọ ná. Bí ọ̀rọ̀ orí bá ṣì kù lẹ́yìn ìyẹn, màá jókòó gbọ́ ọ.